Òṣùwọ̀n àti Ipò: Àyẹ̀wò Ìsanrajù Láàárín Àgbàlagbà Lọ́kùnrin àti Lóbìnrin

Inú ìkíni ni a ti kọ́kọ́ ń wọn ara èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí àyẹ̀wò ìsanrajù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé tí ara rẹ̀ kún sí i, "Ẹ mà ti sanra o!" ni wọ́n máa ń kí i, tẹ̀ríntẹ̀rín ni yóò sì fi dáhùn. Ẹni tó bá rù, ìbéèrè ni wọ́n fi ń kí i: "Kí ló dé tí ẹ rù báyìí? Ṣé kò sí o?" Kò sí ẹni tó gun òṣùwọ̀n nínú ìkíni méjèèjì, síbẹ̀ a ti dá ẹjọ́. Ẹjọ́ náà ní ìlànà tirẹ̀: ara tó kún jẹ́ ẹ̀rí pé oúnjẹ wà, oúnjẹ tó wà jẹ́ ẹ̀rí pé owó wà, owó tó wà sì jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnìkan ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tí ẹnìkan náà jẹ́ ni àyẹ̀wò yìí ń wá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, èdè ojoojúmọ́ ti pín ìsanra àgbàlagbà sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni ìsanra ìyàwó tuntun. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí òrùka sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́wọ́, àwọn ẹbí a ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni ikùn ọkùnrin, èyí tí ó máa ń yọ síwájú nígbà tí ọ̀gá bá ti di ọ̀gá. Ọkùnrin tó ní ikùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó sì ní mọ́tò, kò sí ẹni tó ń pè é ní orobo. Alága ni wọ́n ń pè é. Ìsọ̀rí kẹta ni ìsanra obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti pẹ́. Òun ni orobo. Òun ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pé kò mójú tó ara rẹ̀ mọ́, àti pé bí ọkọ rẹ̀ bá ń wo ìta, a kò gbọdọ̀ bá ọkọ náà wí jù.

Obìnrin inú ìsọ̀rí kìíní àti ti ìsọ̀rí kẹta lè jẹ́ ẹnìkan náà. Kìkì pé ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ohun tó yí padà kì í ṣe ẹran ara, bí kò ṣe ẹni tó ni ín. Nígbà tí ìsanra obìnrin jẹ́ oríire, ti ọkọ rẹ̀ ni; nígbà tó bá di ẹ̀sùn, ti obìnrin náà ni. Ìsanra ọkùnrin ní tirẹ̀ kì í pààrọ̀ ọwọ́. Ti ara rẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹnikẹ́ni yóò bá sì bá a pín nínú ìyìn rẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni. A ó pe àkíyèsí yìí ní òfin ìní, nítorí pé a óò tún pàdé rẹ̀ níbi tí a kò ti retí rẹ̀, àní láàárín àwọn onímọ̀ ìṣirò pàápàá.

Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fún ìsanrajù rọrùn láti sọ. A ó mú ìwúwo èèyàn ní kílò, a ó fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, a ó sì tún fi gíga náà pín ohun tó kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí èsì bá tó 25, ara ti wúwo ju bó ti yẹ lọ. Bó bá tó 30, ìsanrajù ti dé. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60 yóò kọjá gbèdéke àkọ́kọ́ ní kílò 64, yóò sì kọjá ìkejì ní kílò 77. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ni ìṣirò náà kọ́kọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ni, kì í sì í ṣe ìsanra ló ń wá. Ó ń wá bí èèyàn tó wà ní àárín gbùngbùn àwùjọ ṣe rí. Ní 1972, Ancel Keys ti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìṣirò náà wò bóyá ó lè dúró fún ọ̀rá ara, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ilé ìwòsàn fi ń pè é lónìí. Ara àwọn èèyàn tó ju 7,000 lọ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Àbájáde àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ara ọkùnrin nìkan yẹ̀ wò ni a wá gbé kalẹ̀ fún obìnrin gbogbo àgbáyé, ó sì bá wọn wí ju bó ti bá ọkùnrin wí lọ. Iye tí àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí gbogbo ayé jọ gbé jáde fún 2022 ni pé nǹkan bí mílíọ̀nù 504 àgbàlagbà obìnrin ló wà nínú ìsanrajù, nígbà tí àwọn ọkùnrin jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 374. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí ìlera ìdílé ti 2016 rí i pé obìnrin 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni èsì ìṣirò wọn tó 25 náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkùnrin sì jẹ́ 31. Bí a bá mú gbèdéke 30, obìnrin jẹ́ 41, ọkùnrin 11. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, inú ìkòkò kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń bu oúnjẹ.

Bí a bá wá béèrè irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tó ṣòroó gbàgbọ́ ni a ó bá pàdé. Ìwádìí ìlera ìdílé tí Nàìjíríà máa ń ṣe ní ọdún mélòó kan síra ni ìpìlẹ̀ ohun tí ìjọba mọ̀ nípa ara àwọn ará ìlú. Nínú ti 2008, obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 tí èsì ìṣirò wọn tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ti 2013, wọ́n di 25. Nínú ti 2018, wọ́n di 28. Ìlà náà ń gòkè láìsinmi, ó sì yẹ kó kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìlà ti ọkùnrin kò sí nínú ìwé náà. Àwọn olùwádìí kò wọn ọkùnrin. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọkùnrin tó ju 13,000 lọ lẹ́nu wò ní 2018; wọ́n bi wọ́n nípa ìgbéyàwó, nípa iye ọmọ tí wọ́n fẹ́, nípa sìgá. Ara obìnrin àti ara ọmọdé nìkan ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ìwádìí nípa ìyá àti ọmọ ni irú ìwádìí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá: bí ìyá bá rù jù, ọmọ inú rẹ̀ lè kéré, bó bá sanra jù, ìbímọ lè léwu. Òfin ìní ló tún padà wá yìí, ní aṣọ mìíràn. Nínú ìkíni, ti ọkọ ni ara obìnrin. Nínú ìwé ìjọba, ti ọmọ ni. Ọkùnrin tí kì í gbé ọmọ sínú kò ní ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Ó dára kí a wọn ìyá, kò sì sí ẹni tó ń bá àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ jà. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tó wọn ìdajì àwọn àgbàlagbà rẹ̀ tí kò wọn ìdajì kejì ti sọ, láìmọ̀, pé ìsanrajù jẹ́ ọ̀ràn obìnrin. Láti ibẹ̀ ni ó ti rọrùn fún akọ̀ròyìn, fún oníwàásù, àti fún nọ́ọ̀sì inú ilé ìwòsàn láti máa bá obìnrin nìkan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ti ipò láwùjọ ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀ jù. Ní 1962, àwọn olùwádìí kan, tí Albert Stunkard wà lára wọn, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ará Manhattan nínú ìlú New York. Wọ́n rí i pé ìsanrajù pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó wà ní ìsàlẹ̀ àwùjọ ní ìlọ́po púpọ̀ ju ti àwọn tó wà lókè lọ. Ní 1989, Stunkard kan náà àti Jeffery Sobal ka ìwádìí 144 pọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, bí obìnrin bá ṣe tálákà tó ló ṣe ń sanra tó. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, bí obìnrin bá ṣe rí jájẹ tó ló ṣe ń sanra tó. Ti àwọn ọkùnrin orílẹ̀-èdè olówó kò dúró lójú kan. Nígbà mìíràn ó lọ sókè, nígbà mìíràn ó lọ sísàlẹ̀. Ti obìnrin ló ṣe gbọnrangandan ní ìhà méjèèjì. Ibikíbi tí owó bá dojú kọ, ara obìnrin ló kọ́kọ́ ń fi hàn.

Nàìjíríà ṣì wà ní ìhà kejì. Nínú àwọn ìwádìí ìlera ìdílé tí a ti mẹ́nu bà, obìnrin ìlú ńlá sanra ju ti abúlé lọ, obìnrin tó kàwé sanra ju èyí tí kò kàwé lọ, obìnrin inú ilé olówó sanra ju ti inú ilé tálákà lọ, ti ìhà gúúsù sì ju ti ìhà àríwá. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé ọ̀ràn ìgbádùn ni. Ìyẹn kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ṣe ń di ẹran ara, kí ó lọ jókòó sí ọjà aṣọ Gbági tuntun ní Ìbàdàn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá aláṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ti jí láti aago márùn-ún ìdájí. Ó ti dáná fún ọmọ àti ọkọ kí ó tó jáde, kò sì jẹun nílé. Ní aago mẹ́wàá, oníbúrẹ́dì kọjá, ó rà á pẹ̀lú ẹ̀wà, ó sì fi mínírà tútù lé e nítorí ooru. Orí àga oníke ló wà láàárín òkìtì ańkárá àti léèsì, fáànù kékeré sì kọjú sí i. Bí oníbàárà bá fẹ́ wo aṣọ tó wà lókè, ọmọ iṣẹ́ ni yóò gùn ún. Bí ẹrù bá dé láti Èkó, alábàárù ni yóò rù ú wọlé. Kò sí ibi tí ìyá yìí lè rìn lọ: bó bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oníbàárà yóò ti yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Pọfupọ́ọ̀fù ni oúnjẹ ọ̀sán, nítorí pé ó ṣeé fi ọwọ́ kan jẹ kí ọwọ́ kejì máa na aṣọ. Kò délé títí aago mẹ́jọ alẹ́ fi lù, ọkọ̀ dí lójú ọ̀nà, àmàlà tó kọ́kọ́ jókòó jẹ ní ọjọ́ náà sì di ti aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ó sùn lé e.

Obìnrin tó ń ru ẹrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Alábàárù náà lè ti rin ojú ọ̀nà ọjà yẹn ní ogún ìgbà kí ilẹ̀ tó ṣú, òṣùká lórí, aṣọ gbọọrọ nídìí, gààrí àti ẹ̀pà níkùn. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síra wọn nígbà tí wọ́n bá ń san owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá jọ gun òṣùwọ̀n, ọ̀kan yóò wà lókè gbèdéke, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹrù kan náà ni: orí ẹnìkan ló wà, ara ẹnìkejì ló ti ń hàn. Kò sí èyí tó ń gbádùn nínú wọn. Ìyá aláṣọ ń san owó orúnkún tó ń dùn ún lọ́dọ̀ oníṣègùn, alábàárù ń san owó ọrùn tó ń dùn ún. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọn yóò pe ti ọ̀kan ní ọ̀lẹ àti ọ̀jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀lẹ kankan lójú ọ̀nà náà.

Ọkọ̀ dánfó jẹ́ ibi mìíràn tí a ti lè kíyè sí irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi díẹ̀ tí ìwọ̀n ara ti ní iye owó. "Mẹ́rin-mẹ́rin ni o!" ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè, ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gba èèyàn mẹ́rin yálà ó gbà wọ́n tàbí kò gbà. Bí obìnrin tó sanra bá fẹ́ wọlé, "Ìyá, owó èèyàn méjì lẹ máa san" máa ń jáde ní gbangba, àwọn tó ti jókòó yóò sì wo ibòmíràn. Bí ọkùnrin tó sanra bá dé, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni wọ́n ń fà á sí: "Ọ̀gá mi, ẹ máa bọ̀ níwájú." Ìjókòó iwájú gbòòrò jù, ó sì tún jẹ́ ibi ọlá. Ọ̀rá kan náà, ọkọ̀ kan náà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan náà. Ó di owó orí fún ọ̀kan, ó di oyè fún ìkejì. Obìnrin tí wọ́n dójú tì báyìí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò ní fẹ́ jáde lọ rìn fún ìlera, ẹni tó bá sì ń wàásù eré ìdárayá fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìgboro ti ṣe fún un.

Aṣọ pàápàá kò ṣègbè lẹ́yìn obìnrin. Agbádá jẹ́ ẹ̀wù tí kò ní ìbàdí: láti èjìká ló ti ń ṣàn wá sílẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lè kún fún ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ pé télọ̀ gbọ́. Ṣòkòtò rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń so ó, okùn kì í sì í fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Aṣọ obìnrin ti òde òní ní tirẹ̀ ni èyí tí wọ́n rán mọ́ ọn lára, tí síìpù wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ẹbí tó rán ní oṣù kẹrin lè kọ̀ láti wọ̀ ọ́ ní oṣù kejìlá, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì mọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Obìnrin máa ń gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀ kí ọ̀ràn tó burú. Ọkùnrin kì í gbọ́ títí dókítà yóò fi bá a sọ ọ́, ìyẹn bí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ó sì yẹ kó tètè gbọ́, nítorí pé ọ̀rá ọkùnrin ló wà níbi tó léwu jù. Ara obìnrin tí kò tíì dẹ́kun nǹkan oṣù máa ń fi ọ̀rá pamọ́ sí ìdí àti itan, lábẹ́ awọ. Ọkùnrin máa ń kó o sínú ikùn, yíká ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ibẹ̀ ló sì ti ń da ìṣiṣẹ́ ara rú, tó ń fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń lo ìwọ̀n ìbàdí pẹ̀lú: ọkùnrin tí ìbàdí rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 94, tàbí obìnrin tí tirẹ̀ bá tó 80, ti wọ ibi ìkìlọ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, ọ̀rá obìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ikùn, ewu rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Tí a bá fi èyí lẹ̀ mọ́ ìsọ̀rí mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀, àbájáde kejì yọ: ìsanra tí àwùjọ ń bọ̀wọ̀ fún jù ló sún mọ́ rọpárọsẹ̀ jù. Ikùn tí wọ́n ń torí rẹ̀ pe ọkùnrin ní alága ni ikùn tí ó yẹ kí a torí rẹ̀ mú un lọ ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ti fi ara obìnrin ka owó ẹlòmíràn. Láàárín àwọn Ẹ́fíìkì àti Ìbíbíò ní agbègbè Kàlàbá, wọ́n máa ń fi ọmọbìnrin sínú yàrá tẹ́lẹ̀ kí ó tó lọ ilé ọkọ, wọn a máa bọ́ ọ, wọn a máa fọwọ́ ra á lára, kí ó lè jáde ní kíkún. Ní Mọriténíà, wọ́n ti fi wàrà ràkúnmí bọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tipátipá kí wọ́n lè sanra fún ìgbéyàwó. Nígbà tí àrùn éèdì wá gbilẹ̀ ní Áfíríkà, rírù di ohun ìfura, ọ̀pọ̀ tí ì bá sì fẹ́ dín ara wọn kù bẹ̀rù ohun tí àdúgbò yóò sọ. Obìnrin tí wọ́n ti ń dá a lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún bá jù.

Lórí àtẹ oníkiri tó ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí a rí ìgò omi oògùn tó ń múni sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tíì tó ń múni rù. Ẹnìkan náà ló ń tà wọ́n, obìnrin sì ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. Ẹni tó rà ti àkọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 22 kí ọkọ lè rí i lè wá ra ìkejì ní ọmọ ọdún 40 kí ọkọ má baà lọ. Kò sí ìgò kankan lórí àtẹ náà tó wà fún ikùn alága.

Ìrìn àjò lọ òkè òkun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí tí Richard Cooper ṣáájú wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ara àwọn tó ju 10,000 lọ tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Igbó-Ọrà àti Idere ní Ìbàràpá wà nínú wọn, àwọn ará erékùṣù Kàríbéánì wà níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Maywood lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago náà wà níbẹ̀. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1997, ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbéánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìwúwo ara ń gòkè lójú ọ̀nà kan náà, ti obìnrin sì le jù. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí fi agbára tí ara àwọn obìnrin abúlé ní Nàìjíríà ń ná wé ti àwọn obìnrin Maywood, nítorí pé gbogbo ayé ti gbà pé ìjókòó ló fa ọ̀rá. Bí wọ́n ti yọ ìyàtọ̀ ìtóbi ara kúrò, agbára tí wọ́n ń ná lẹ́nu iṣẹ́ àti ìrìn kò yàtọ̀ bí wọ́n ti rò. Ẹ̀sùn ọ̀lẹ kò rí ẹsẹ̀ dúró lé. Ohun tó kù láti yẹ̀ wò ni ohun tó wà nínú àwo, iye tí wọ́n ń tà á, àti ẹni tó lè rà á.

Ní Amẹ́ríkà ti 2017 sí 2018, ìwádìí ìjọba rí i pé nǹkan bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin aláwọ̀ dúdú ló wà nínú ìsanrajù. Ní Ìlú Ọba, ìwádìí ìlera ti 2004 tó wo àwọn ẹ̀yà rí i pé ìsanrajù láàárín obìnrin tó ti Áfíríkà wá ju ìlọ́po méjì ti ọkùnrin wọn lọ. Obìnrin tó kúrò ní Ìbàdàn pẹ̀lú ara tó ń jẹ́rìí pé ilé rẹ̀ lówó dé London, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní òru, ó ń jẹun nídìí ẹ̀rọ tó ń ta súìtì ní aago mẹ́ta òru, ó ń gbé ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín pọ̀ ju ti ẹ̀fọ́ lọ. Ara rẹ̀ kún sí i. Níbẹ̀, ara kan náà ti di àmì tálákà. Bó bá padà wá sílé ní Kérésìmesì, wọn yóò kí i ní pápákọ̀ òfurufú: "Ẹ mà ti sanra o! Òyìnbó ń tọ́jú yín." Ìyìn náà tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó ná an láti dé ibẹ̀ kò sí ẹni tó béèrè.

Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé àyẹ̀wò yìí kò le. Kí ẹni tó bá ń kí ìyá tó ti ọjà dé béèrè bóyá ó ti jẹun, dípò kí ó wo bí ara rẹ̀ ṣe tó. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́ kí ibi tí a ti lè rìn wà nínú ọjà, kí oúnjẹ gidi sì wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù ní owó tí ẹnu gbà. Kí àwọn ilé ìjọsìn tó ń gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìyá gbé e fún ẹgbẹ́ bàbá pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi téèpù ìwọn-ìbàdí lé e, èyí tí télọ̀ ń lò, kò wọ́n. Kí àwọn tó ń ṣètò ìwádìí ìlera ìdílé Nàìjíríà fi ara ọkùnrin kún ohun tí wọn yóò wọ̀n nígbà gbogbo.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé wọ ilé ní 2018 lè gbé àgbàlagbà ọkùnrin. Ọkùnrin wà nínú àwọn ilé náà; wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gùn ún.